Bí o bá wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì l'Amẹ́ríkà láì tíì mọ ohun tí o fẹ́ kọ́

Ní ọdún 2013, èmi àti bàbá mi jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, à ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì kan ní ìpínlẹ̀ Maryland. A ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ibi kan ṣoṣo: kí lo fẹ́ fi ṣe major, ìyẹn ẹ̀kọ́ gan-an tí o máa fi gba dìgírì? Bàbá mi ní, "Nọ́ọ̀sì. Kí la tún ń rò?" Mo tẹ "undeclared". Wọ́n ní kí ni ìyẹn túmọ̀ sí, mo ní ó túmọ̀ sí pé mi ò tíì mọ̀. Wọ́n dìde, wọ́n lọ tan tẹlifíṣọ̀n.

Mi ò kábàámọ̀ ohun tí mo tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe lo ọdún kìíní ló dùn mí, torí mo rò pé ẹni tí kò tíì yan nǹkan kan, kò sí ohun tó ń lé e. Ẹni tó yan nọ́ọ̀sì, wọ́n ti to kọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ fún un títí dé ọdún kẹrin. Ìwọ tí o kò yan, ìwọ lo máa to tìẹ fúnra rẹ, ó sì yẹ kí o mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin sábà máa ń gba 120 kírẹ́dìtì, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn kọ́ọ̀sì. Kọ́ọ̀sì kan sábà máa ń jẹ́ 3, ìyẹn nǹkan bí 40 kọ́ọ̀sì, márùn-ún márùn-ún fún sáà mẹ́jọ. Nínú 40 yìí, major bí ìtàn tàbí sosiọ́lọ́jì lè má gbà ju 10 sí 13 lọ. Lára àwọn yòókù ni èyí tí ilé-ìwé di dandan fún gbogbo ọmọ: àròkọ, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù, o lè fi ṣe èyí tó bá wù ọ́. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè wọlé láì yan ohunkóhun kó má sì pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnjiníà kò rí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì náà kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì lẹsẹ̀ mi ti yọ̀.

Ní sáà àkọ́kọ́, mo mú ìtàn fíìmù, yíyàwòrán, sosiọ́lọ́jì, àròkọ, àti ẹ̀kọ́ nípa ìràwọ̀. Mo sá fún ìṣirò bí ẹni ń sá fún olówó èlé. Ó di sáà kẹrin kí olùkọ́ kan tó kó wa lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ omi fún ìlú. Omi odò tó pọ́n bí ẹrẹ̀ ń wọlé lápá kan. Ẹnjiníà tó mú wa káàkiri fi álọ́ọ̀mù hàn wá, bó ṣe ń kó ìdọ̀tí jọ pọ̀ títí á fi wúwo, á sì rì sísàlẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wo fóònù. Èmi ò lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi náà.

Mo délé, mo ṣí ìwé àlàyé iṣẹ́ ẹnjiníà ìlú (civil engineering). Kálíkúlọ́ọ̀sì kìíní, ìkejì, ìkẹta, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ́ ìṣirò mìíràn lórí wọn, o kò sì lè fo ọ̀kan kí o tó ṣe èkejì. Físíìsì ń dúró de kálíkúlọ́ọ̀sì, àwọn kọ́ọ̀sì ẹnjiníà sì ń dúró de físíìsì. Èmi kò tíì ṣe èyí tó ṣáájú kálíkúlọ́ọ̀sì pàápàá. May 2017 ló yẹ kí n jáde. December 2018 ni mo jáde. Sáà mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú owó ilé-ìwé rẹ̀.

Nítorí náà, tí o bá fẹ́ gba ìmọ̀ràn kan péré lọ́wọ́ mi, òun nìyí: pín gbogbo ohun tó ń wù ọ́ sí ọ̀nà méjì, èyí tí ọ̀nà rẹ̀ ń tètè dí àti èyí tó ń dúró deni. Ìtàn, èdè Gẹ̀ẹ́sì, sosiọ́lọ́jì máa dúró dè ọ́ títí di ọdún kejì. Ẹnjiníà, nọ́ọ̀sì, kẹ́mísìrì, iṣẹ́ ayàwòrán-ilé àti orin kì í sábà dúró. Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń tètè dí, kódà bó jẹ́ pé díẹ̀ ni wọ́n fi ń wù ọ́.

Ìyẹn ni pé kí o ṣe ìṣirò ní sáà àkọ́kọ́. Ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀, má fi oorun lójú ṣe é bí mo ṣe ṣe é. Fi ọ̀sẹ̀ méjì tún ìwé rẹ kà, torí máàkì díẹ̀ lè dá ọ padà sẹ́yìn ní odidi sáà kan. Tí iṣẹ́ ìlera tàbí sáyẹ́ǹsì bá wà lọ́kàn rẹ, kódà kó jẹ́ ìdámẹ́wàá ọkàn rẹ, mú kẹ́mísìrì tó ní iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò nínú. Tí nọ́ọ̀sì bá wà nínú rẹ̀, lọ béèrè ní September bí wọ́n ṣe ń gbani wọlé síbẹ̀, torí ilé-ìwé púpọ̀ ló ní ìdíje tirẹ̀ lọ́tọ̀, tí wọ́n sì ń wo máàkì tí o gbà nínú báólójì àti kẹ́mísìrì. Tí o kò bá wá lò wọ́n, wọ́n ṣì lè bọ́ sí àyè kọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Àyè tó kù, fi tọ́ nǹkan wò. Má wo orúkọ major, wo kọ́ọ̀sì ọdún kẹta àti ìkẹrin rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń wọ sàíkọ́lọ́jì torí pé wọ́n fẹ́ máa tu ẹni tí ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ nínú, wọ́n á wá bá ìṣirò statistics pàdé ní ẹnu ọ̀nà. Bá ọmọ ọdún kẹrin sọ̀rọ̀, má bi í bóyá ó fẹ́ràn rẹ̀. Bi í pé kọ́ọ̀sì wo ló kórìíra jù. Bẹ olùkọ́ pé kí o jókòó wò ní kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ wọn á gbà.

Tí o bá lọ rí advisor, ẹni tí ilé-ìwé yàn láti máa gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí kọ́ọ̀sì, má wọlé lọ́wọ́ òfo kí o ní "Mi ò mọ̀." Kọ major mẹ́ta sórí ìwé, kí o sì béèrè báyìí: "Kọ́ọ̀sì wo ló jẹ́ pé tí mi ò bá ṣe é ní sáà yìí, ó di ọdún tó ń bọ̀?" Ìbéèrè yẹn nìkan ì bá ti gbà mí.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Pell Grant, owó ìrànwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ọwọ́ wọn kò tó, kò kọjá sáà 12 ní gbogbo ayé ẹni, nítorí náà má ṣe máa fi ṣeré. Tí o bá wà lórí físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, lọ́pọ̀ ìgbà o gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán kírẹ́dìtì 12 ní sáà kan; kí o tó yọ kọ́ọ̀sì kankan kúrò, lọ rí ọ́fíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, kí o sì tún padà lọ bá wọn tí o bá yan major, kí wọ́n lè tún I-20 rẹ ṣe, ìyẹn ìwé ilé-ìwé tí físà rẹ dúró lé.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí lẹ́yìn ọmọ yín, ẹ jọ̀ọ́, ilé-ìwé ìṣègùn l'Amẹ́ríkà kì í sábà béèrè pé kí ọmọ fi báólójì ṣe major. Ẹni tó ka ìtàn lè wọlé, tó bá ti ṣe báólójì, kẹ́mísìrì àti físíìsì tí wọ́n béèrè. Ti lọ́yà rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí major tí ó jẹ́ dandan. Àwọn tó sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ kìíní ńkọ́? Àjọ NCES ti ìjọba, tó ń kó ìṣirò jọ nípa ẹ̀kọ́, tẹ̀ lé àwọn tó wọlé ní 2011 sí 2012: láàárín ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tó ti yan ló ti pààrọ̀ rẹ̀.

Ilé-ìwé púpọ̀ fẹ́ kí o yàn kí ọdún kejì tó parí, tí kírẹ́dìtì rẹ bá ti ń súnmọ́ 60. Ọjọ́ tí o bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà, ní kí wọ́n tẹ ìwé tó ń fi hàn níbi tí kọ́ọ̀sì rẹ kọ̀ọ̀kan bọ́ sí jáde fún ọ, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fíìmù mi bọ́ sí àyè iṣẹ́ ọnà, sosiọ́lọ́jì rí àyè tirẹ̀. Yíyàwòrán nìkan ni kò wọ ibì kankan. Bàbá mi ṣì ń béèrè iye tí a san lórí rẹ̀.