Ìdérí táǹkì epo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wa tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, bí iná check engine bá tàn, ẹ má tíì sáré lọ bá mẹkáníìkì. Ẹ fọwọ́ tọ́ rọ́bà etí ìdérí táǹkì epo yín. Bó bá ti sán tàbí tó ti le gbagidi, afẹ́fẹ́ epo lè máa jò níbẹ̀, ìyẹn sì lè mú kí iná yẹn tàn. Ẹ yí i títí á fi dún "ká-ká". Bó bá ti bàjẹ́, èyí tó bá irú ọkọ̀ yín mu gan-an ni kẹ́ ẹ rà. Ọ̀rá àti àkísà táwọn kan ń kì bọ ẹnu táǹkì yẹn, ẹ jọ̀ọ́! Ewu iná ni, òjò á sì tún ráyè wọlé. Bẹ́ ẹ bá ti dé ìdérí náà dáadáa tàbí tẹ́ ẹ pààrọ̀ rẹ̀, iná check engine ojú dáṣíbọ́ọ̀dù lè má kú lójú ẹsẹ̀; ẹ ṣì máa wa ọkọ̀ náà fún ọjọ́ díẹ̀ ná.