Bí a ṣe ń dá ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yunifásítì àti fún àwọn oníṣẹ́ ìlú Ìlọrin

Nígbà tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì bá ń múra àjọ̀dún, ohun méjì ni wọ́n máa ń wá lójú méjèèjì: àwòrán àwọn olùkọ́ àkọ́kọ́, àti orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́kọ́ gboyè níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í rí ọ̀kankan nínú méjèèjì ní ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka. Wọ́n á wá máa pe àwọn àgbà tí ó ti fẹ̀yìntì lórí fóònù, wọ́n á sì gbọ́ pé inú páálí kan báyìí ni àwọn ìwé náà wà nílé ní Tánkẹ̀ tàbí ní Ọ̀fà, kí òjò tó wọlé bá wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ka tirẹ̀ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún. Ìlànà kan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé lórí: ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé kankan pínyà pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ti ọwọ́ rẹ̀ wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí àwọn ìwé náà gbà

Kí ẹ tó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kankan, ẹ kọ ìtàn ẹ̀ka yín sórí abala ìwé kan ṣoṣo: ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀, àwọn orúkọ tí ó ti jẹ́ rí, àwọn ilé tí ó ti lò, àti àwọn tí ó ti ṣe olórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di òní. Abala kan yìí ni yóò máa darí yín sí ibi tí ẹ ó ti wá nǹkan. Ẹ jẹ́ kí a fi Yunifásítì Ìlọrin ṣe àpẹẹrẹ. Oṣù kẹjọ ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn, 200 akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé ní ọdún 1976, ó sì di yunifásítì tí ó dá dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 1977. Inú ìlú ni ọgbà kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ lò wà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí kó lọ sí ọgbà ńlá tí a ń gba Tánkẹ̀ lọ, láti ọdún 1982. Ẹni tí ó bá ro ìtàn yìí dáadáa yóò rí i pé ó yẹ kí òun béèrè àkọsílẹ̀ ọdún méjì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn pẹ̀lú, nítorí pé Ìbàdàn ni òbí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà nígbà náà. Yóò sì tún rí i pé ọjọ́ tí a ń kó kúrò nínú ilé kan lọ sí òmíràn ni ìwé máa ń sọnù jù lọ, torí náà kí ó wá àwọn akọ̀wé àti àwọn awakọ̀ tí ó bá wọn kó ẹrù nígbà náà, kí ó béèrè ohun tí a kó àti ohun tí a fi sílẹ̀ sẹ́yìn.

Bí ó bá jẹ́ ìtàn iṣẹ́ kan tí ó ti wà kí yunifásítì tó dé ni ẹ ń wá, bí iṣẹ́ tíṣà, iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ tàbí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ má ṣe rò pé nítorí pé Yorùbá ni wá, Ìbàdàn ni gbogbo ìwé wa wà. Ẹkùn Àríwá ni Ìlọrin wà títí di ọdún 1967 tí a dá ìpínlẹ̀ tí ó di Kwara sílẹ̀, nítorí náà ilé àkọsílẹ̀ ìjọba tí ó wà ní Kàdúná ni àwọn fáìlì ẹkùn Ìlọrin ti ìgbà òyìnbó wà. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n níbẹ̀ ni Ilorprof. Mo ti rí ẹni tí ó fi ọ̀sẹ̀ odidi wá wọn ní Ìbàdàn kí ẹnìkan tó sọ fún un.

Ilé àwọn àgbà

Ìdajì ìtàn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ni ó wà ní ilé àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì. Ẹ lọ bá wọn fúnra yín. Lẹ́tà tí olórí ẹ̀ka fọwọ́ sí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ kí wọn tán, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n ṣe kí ẹ tó dárúkọ ìwé. Ẹ̀rù tí ó máa ń ba àwọn àgbà ni pé a fẹ́ gba ohun ìní wọn lọ, torí náà ohun tí mo máa ń sọ ni pé, “Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ kí ojúlówó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ̀dà rẹ̀ nìkan ni a ń tọrọ. Bí ẹ bá sì fún wa ní ojúlówó, orúkọ yín ni a ó kọ sára páálí náà, títí láé.” Ìlérí ni, ẹ mú un ṣẹ. Bí ẹni náà bá ti di olóògbé, ẹ bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn tí ọ̀fọ̀ bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kí ó má pẹ́ jù, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá ń tún yàrá bàbá ṣe ni wọ́n máa ń kó ìwé síta.

Ẹ má ṣe gba ohunkóhun láìsí ìwé àdéhùn. Ojú ìwé kan tó: ohun tí a gbà, ọjọ́ tí a gbà á, bóyá fífún ni tàbí yíyá, ẹni tí ó lè kà á, àti ìbuwọ́lùwé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ọjọ́ tí páálí bá dé

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti lè bàjẹ́ pátápátá, mo sì fẹ́ kí a fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí páálí bá dé, ẹ fún un ní nọ́ńbà, ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni í, ọjọ́, àti ibi tí a ti gbé e sínú ìwé ńlá kan tí kì í kúrò lórí tábìlì. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ bí ó ṣe wà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe tún un tò.

Èmi pẹ̀lú ti ṣe àṣìṣe yìí rí. A gba páálí mẹ́fà lọ́wọ́ ìdílé olùkọ́ kan tí ó ti kú, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n kàn da ìwé papọ̀ ni. A kó lẹ́tà síbi kan, a kó máàpù síbòmíràn, a kó ìwé ìdánwò sí ọ̀tọ̀ ní ọdọọdún, inú wa sì dùn pé ó mọ́ lójú. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni akẹ́kọ̀ọ́ kan dé tí ó ń wá ìwádìí tí olùkọ́ náà ṣe nípa ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè sọ lẹ́tà tí ó bá máàpù wo lọ, tàbí ẹni tí àkọsílẹ̀ kékeré kan ń bá wí. Títò tí ó dà bí ìdàrúdàpọ̀ yẹn ni olùkọ́ náà fi ń rántí iṣẹ́ rẹ̀, àwa ni a sì tú u ká. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí ìwé tí a fi píìnì so pọ̀, mo máa ń yọ píìnì náà kí ó má baà dípẹtà sára ìwé, ṣùgbọ́n abala ìwé kan ni mo máa ń ká mọ́ wọn kí wọ́n lè wà papọ̀ bí ẹni tí ó ni wọ́n ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a da ìwé ẹni méjì pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n kọ lé lórí.

Ohun tí a ń pa mọ́

Ìwé ètò àjọ̀dún àti àwòrán alárànbarà máa ń pọ̀, wọn kì í sì í sọnù. Àwọn ohun tí kò wu ojú ni ó ṣọ̀wọ́n: àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹ̀ka, àkójọ orúkọ òṣìṣẹ́, tábìlì àkókò ẹ̀kọ́, ìbéèrè ìdánwò, lẹ́tà tí a fi béèrè ohun èlò fún yàrá àyẹ̀wò tí ìjọba kò fọwọ́ sí. Láti ara lẹ́tà tí a kò dáhùn ni a ti lè mọ bí ọwọ́ ṣe há tó ní àkókò kan.

Lójú mi, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gboyè ni ìṣúra tí ó tóbi jù tí a sì ń fojú kéré jù. Láti ọdún pípẹ́ ni wọ́n ti ń padà sí ìlú wọn, sí Òmù-Àràn, sí Àjàṣẹ́, sí Ẹ̀rìn-Ilé, láti fọ̀rọ̀ wá baálẹ̀, ìyálọ́jà àti onísègùn lẹ́nu wò. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó dá wọn lóhùn kò sí láyé mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Ìlọrin náà ń lọ gbé ní ìgbèríko lábẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìlera láàárín àwùjọ tí a ń pè ní COBES, ohun tí wọ́n sì kọ nípa omi àti àrùn abúlé kan jẹ́ ìtàn ẹ̀ka ìṣègùn àti ìtàn abúlé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àyè bá há, kí a dá ẹ̀dà kejì àti ẹ̀kẹta padà, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dà kan ṣẹ́ kù. A kì í sì í kàn sun ìwé ìjọba: láti ọdún 1992 ni òfin àpapọ̀ ti wà lórí àkọsílẹ̀ ìjọba, torí náà ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó da fáìlì yunifásítì ìjọba nù.

Òjò, ọyẹ́ àti ikán

Ìwọ̀n ooru tí kò ju 20 lọ lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì àti ọ̀rinrin láàárín 35 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ni a máa ń dábàá fún ìwé. Yàrá tí ó lè dúró bẹ́ẹ̀ yíká ọdún ṣọ̀wọ́n ní Ìlọrin, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ iná wa. Ẹ má ṣe tìtorí ìyẹn sọ̀rètí nù, nítorí pé ìyípadà òjijì ń ba ìwé jẹ́ ju ooru tí ó dúró lójú kan lọ. Ẹ̀rọ amúlétutù tí a ń tàn lọ́sàn-án tí a sì ń pa lálẹ́ lè burú ju yàrá tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí dáadáa lọ. Ẹ yan yàrá tí kò sí lábẹ́ ilé ìwẹ̀, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í sì í wọ̀. Kí pẹpẹ jẹ́ ti irin, kí ti ìsàlẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀, kí ó má sì fara kan ògiri, nítorí pé ara ògiri ni ikán ń gbà wá. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi aṣọ bo páálí nítorí eruku.

Ẹ má ṣe lámínéètì ìwé àtijọ́. Ìfẹ́ ni àwọn ènìyàn fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ ń jó ìwé, kò sì ṣeé yọ mọ́. Sẹ́lótéèpù náà ń sọ ìwé di pupa. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ nọ́ńbà, kì í ṣe bírò. Bí òjò bá pa ìwé, wákàtí 48 ni ẹ ní kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí bu: ẹ tẹ́ ẹ sí ibòji níbi tí fáànù ti ń fẹ́, ẹ má ṣe sá a sí oòrùn.

Kíkọ sílẹ̀ àti yíya sínú kọ̀ǹpútà

Àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí àkọsílẹ̀ àtijọ́ ní ìlànà tí ó gbé ohun mẹ́fà kalẹ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fò: nọ́ńbà, àkọlé, ẹni tí ó ni ìwé, ọdún, iye rẹ̀, àti bóyá odidi àkójọ ni à ń sọ tàbí fáìlì kan. Ẹ kọ ti odidi àkójọ ná kí ẹ tó bọ́ sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, ìwé títẹ̀ ń fẹ́ 300 dpi (iye àmì tí ó wà nínú íǹṣì kan), àwòrán kékeré ń fẹ́ 600, kí fáìlì ojúlówó sì jẹ́ TIFF, oríṣi fáìlì àwòrán kan. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà lórí ohun èlò oríṣi méjì, kí ọ̀kan nínú wọn wà ní ilé mìíràn.

Àwọn oníṣẹ́ ìlú

Ẹ̀ka tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ òfin, ìṣègùn tàbí ìmọ̀ ẹ̀rọ kò lè ní ìtàn pípé láìsí ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà. Ẹ béèrè ìwé ìpàdé wọn, ìwé owó ẹgbẹ́, ìwé ètò ìsìnkú àwọn àgbà wọn. Kí a má sì fi mọ sọ́dọ̀ oníkọ́láà nìkan: àwọn amọ̀kòkò Dada ní Òkèlele, àwọn ahunṣọ, àwọn mẹkáníìkì tí ìwé fìrídọ́ọ̀mù wọn ń fi orúkọ ọ̀gá àti ọdún hàn, gbogbo wọn ní àkọsílẹ̀. Àwọn alfa kan sì máa ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá. Ẹ má ṣe jù ú nù nítorí pé akọ̀wé ọ́fíìsì kò lè kà á. Níbi tí kò bá sí ìwé, ẹ gba ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni náà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ẹ tọ́jú àṣírí ènìyàn. Máàkì akẹ́kọ̀ọ́, ìwé àìsàn àti ẹjọ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń gbé síta, òfin ààbò dátà ti ọdún 2023 sì wà. Ẹ tì wọ́n mọ́ sí ọ̀tọ̀, ẹ kọ ọdún tí a lè ṣí wọn sára páálí.

Bí olórí ẹ̀ka tuntun bá fẹ́ gba ipò, kí abala ìwé kan wà nínú ohun tí a ó fi lé e lọ́wọ́: iye páálí tí ó wà, ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, ìlérí tí a ṣe fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, àti orúkọ àgbà tí a kò tíì lọ bẹ̀ wò.