Bẹ́ ẹ ṣe máa díṣáìnì separator, tánkì tó ń ya epo rọ̀bì, omi àti gáàsì sọ́tọ̀

Ẹ̀yin ará wa n'Ílọrin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí bí tánkì ṣe máa tóbi tó o. Ẹ kọ́kọ́ mọ iye epo, omi àti gáàsì tó ń wọlé, pẹ̀lú pressure ẹ̀ àti bó ṣe gbóná tó. Ṣẹ́ ẹ rí báwọn ìyá wa l'Ómù-Àrán ṣe ń dúró kí epo pupa léfòó kí wọ́n tó gbọ́n ọn, àsìkò ìdúró yẹn gan-an la ń ṣírò, retention time. Epo rọ̀bì tó fúyẹ́ sábà máa ń gba ìṣẹ́jú 3 sí 5, èyí tó ki lè gba 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní epo àtomi jọ jẹ́ àgbá 2,000 lóòjọ́, tẹ́ ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 5: 2,000 × 5 ÷ 1,440 (iye ìṣẹ́jú tó wà nínú ọjọ́ kan), ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àgbá 7, bíi lítà 1,100 nìyẹn, tíyẹn bá wá gba ìdajì tánkì tó dùbúlẹ̀, tí gáàsì gba òkè, ẹ ti ń lọ sí lítà 2,200.

Weir ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ṣe jù, ògiri kúkurú inú tánkì ni, epo á ṣàn kọjá lórí ẹ̀, omi á ti gba ìsàlẹ̀ jáde kó tó débẹ̀. Tómi bá ga tó ògiri yẹn, á bá epo lọ, ẹ fi level controller, ẹ̀rọ tó ń darí bómi ṣe ga tó, ṣọ́ ọ. Mist extractor ló ń mú epo wẹ́wẹ́ tó fẹ́ bá gáàsì jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ relief valve, fáàfù tó ń tú pressure jáde tó bá ti pọ̀ jù, sílẹ̀ láé, ẹ̀mí èèyàn ni.