Díráìfù mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà kan: èwo ni kí pagefile wà lórí rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Windows 11 ni mò ń lò, RAM mi (mẹ́mọ́rì tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 8 GB. SSD (díráìfù tí kò ní àwo tó ń yí) ni C, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. D àti E jẹ́ hard drive tí àwo inú rẹ̀ ń yí. Tí mo bá ṣí áàpù púpọ̀ pọ̀, Windows á sọ pé mẹ́mọ́rì ti ń tán, àwọn kan á sì pa dé fúnra wọn. Ṣé kí n kó pagefile, ìyẹn fáìlì tí Windows ń lò bí àfikún RAM, kúrò lórí C pátápátá?

Ìdáhùn: Ẹ má kó o kúrò pátápátá. Tí RAM bá ń kún, Windows á kó ohun tí ẹ kò lò lọ́wọ́ sínú fáìlì pagefile.sys. Fáìlì yìí lè tóbi sí i bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó, àmọ́ kò ríbi tóbi sí lórí díráìfù tó ti kún. Ó jọ pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà yín wà. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ wo Committed lábẹ́ Memory (iye mẹ́mọ́rì tí wọ́n ti gbà, àti iye tó wà lápapọ̀): bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ti ń sún mọ́ ìkejì, àyè ló ń tán.

Ojú ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti wo Disk 0, Disk 1 àti ìyókù. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo ibí yìí, ó sì ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí D àti E bá wà lábẹ́ Disk kan náà, díráìfù kan ṣoṣo tí wọ́n pín sí méjì ni. Ẹ má fi pagefile sórí méjèèjì nígbà náà, torí orí kan náà tó ń ka àwo ló máa ń sáré síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀, iṣẹ́ á sì falẹ̀.

Ohun tí èmi yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé n ó kó fídíò àti àwọn fáìlì ńlá kúrò lórí C lọ sí D, kí pagefile lè dúró sórí SSD. Ìmọ̀ràn pé ká gbé e lọ sórí díráìfù mìíràn dára nígbà tí gbogbo díráìfù jẹ́ oníyíyí. Lónìí, hard drive tí kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́ ṣì lọ́ra ju SSD lọ dáadáa.

Bí kò bá sí ohun tí ẹ lè kó kúrò, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ lórí C, kí èyí tó pọ̀ wà lórí D. Èyí tó wà lórí C ni Windows ń lò láti ṣàkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó bá dákú.

Ẹ tẹ Windows àti R, ẹ kọ sysdm.cpl. Ẹ lọ sí Advanced, Settings tó wà lábẹ́ Performance, Advanced lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà Change. Ẹ yọ àmì kúrò nínú àpótí òkè. Ẹ mú C, Custom size, 1024 (MB ni) nínú àpótí méjèèjì, Set. Ẹ mú D, System managed size, Set. OK, kí ẹ wá ṣe Restart.

Ìbéèrè: Mo ṣe é, mo tẹ OK, àmọ́ kò sóhun tó yí padà lórí D.

Ìdáhùn: Ó ní láti jẹ́ pé ẹ kò tẹ Set fún D. OK nìkan kì í gbà á wọlé.

Ìbéèrè: Díráìfù USB ńkọ́?

Ìdáhùn: Rárá o. Bí wáyà bá yọ, ohun tí Windows kó síbẹ̀ ti lọ nìyẹn, kọ̀ǹpútà lè dákú lójijì. Bí ẹ bá sì yọ D kúrò lọ́jọ́ kan, Windows lè sọ pé òun ti dá pagefile onígbà díẹ̀ sílẹ̀. Ẹ padà sí ojú ibi tí ẹ ti ṣe ètò yìí, kí ẹ yan díráìfù tó ṣì wà lórí ẹ̀rọ.