Fídíò tó ń fọhùn ṣùgbọ́n tí kò fojú hàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọdún ń bọ̀, a ó sì fẹ́ wo fídíò ẹbí lórí tẹlifíṣàn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí.

Fídíò òkú ìyá wa tí wọ́n fi iPhone ká, mo kó o sínú fláàṣì, mo fi í sí ẹ̀yìn tẹlifíṣàn: ohùn àwọn onílù ń dún kíkankíkan, ojú tẹlifíṣàn dúdú kirikiri. Fáìlì ò bàjẹ́ o! MP4 àti MKV tí ẹ ń rí ní ìparí orúkọ fáìlì, àpò lásán tó kó àwòrán àti ohùn pọ̀ ni wọ́n. Ohun tó wà nínú àpò ni ẹ̀rọ ń yẹ̀ wò. Mo ṣí i nínú VLC, ètò tí a fi ń wo fídíò lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ Ctrl+J, mo rí HEVC, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún àwòrán pọ̀ kí fáìlì má baà tóbi. Tẹlifíṣàn àtijọ́ kì í sábà mọ ìyẹn.

HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, ni kí ẹ lò, ọ̀fẹ́ ni. Nínú àwọn àṣàyàn rẹ̀, ẹ mú "Fast 1080p30", kí ẹ rí i pé àwòrán jẹ́ H.264 (ọ̀nà ìfúnpọ̀ tó ṣáájú HEVC), ohùn jẹ́ AAC (ọ̀nà ìfúnpọ̀ ti ohùn), àpò jẹ́ MP4. Ẹ kọ́kọ́ yí ìṣẹ́jú kan péré, kí ẹ dán an wò, kí iná tó lọ mọ́ odidi fídíò lójú.

Tí àwòrán bá ti jẹ́ H.264 tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ ohùn nìkan ni kò jáde, ẹ má tún àwòrán yí. ffmpeg, ètò kọ̀ǹpútà tí à ń tẹ àṣẹ fún, pẹ̀lú "-c:v copy -c:a aac" tó: yóò fi àwòrán sílẹ̀ bó ṣe wà, yóò sì yí ohùn sí AAC.

Fláàṣì tí wọ́n ṣètò sí FAT32 (ọ̀nà kan tí fláàṣì fi ń to fáìlì) kì í gba fáìlì tó tó 4GB. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ojúlówó fídíò rẹ́, torí gbogbo ìgbà tí a bá tún àwòrán yí ni ẹwà rẹ̀ ń dín kù díẹ̀.