Òrùka olókùúta: ibi tí owó yín ń bá lọ

Ìyàwó mi ní ẹnu mi yìí ló ń lé oníbàárà kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún òrùka ṣe. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti náwó tán kó tó wá bi mí bóyá òun rà á dáadáa, kí ni kí n pọ́n lé níbẹ̀?

1. Ẹ má gba iná orí káńtà gbọ́. Ẹ gbé òrùka síta, ẹ wò ó lábẹ́ òjìji.

2. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọn òkúta pọ̀ mọ́ góòlù. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á ju òrùka sórí ìwọ̀n, wọ́n á ní gíráàmù márùn-ún, wọ́n á fi iye góòlù ọjọ́ náà ṣe ìṣirò, ẹ̀yin náà á máa mi orí! Arábìnrin kan gbé irú rẹ̀ wá pé kí n bá òun tà á. Mo tú òkúta rẹ̀ lójú rẹ̀: zirconia funfun, òkúta àtọwọ́dá tó jọ dáyámọ́ńdì, mílímítà 8 ní fífẹ̀. Zirconia wúwo ju dáyámọ́ńdì lọ dáadáa. Ìwọ̀n tó ka 5 tẹ́lẹ̀ ka 4.3. Òkúta tí iye rẹ̀ kò tó owó ọkọ̀ tó wọ̀ wá ló sanwó góòlù lé lórí. Èmi ló wá ń bínú sí, àfi bíi pé èmi ni mo tà á fún un.

Ẹ bi wọ́n: góòlù nìkan, gíráàmù mélòó? Òkúta, carat mélòó? Carat márùn-ún ni gíráàmù kan, ẹ lè yọ ọ́ fúnra yín. Ẹ wo òǹtẹ̀ inú òrùka. 750 ni karat 18 (karat yìí ni bí góòlù ṣe mọ́ tó, kì í ṣe carat tí a fi ń wọn òkúta), ìyẹn ni pé mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ojúlówó góòlù. 585 ni karat 14, 375 ni 9. Fàdákà ni 925, bó ti wù kó pupa tó. Ẹ yọ owó góòlù kúrò nínú iye tí wọ́n pè; ìyókù ni owó òkúta àti owó iṣẹ́. Tí ìyókù yẹn bá ga fíofío tí òkúta kò sì níwèé, ẹ dá a padà sínú páálí rẹ̀.

3. "Ṣé òkúta gidi ni?" kò tó. Rúbì tí wọ́n fi gíláàsì dí ibi tó sán, rúbì ṣì ni, ẹni tó tà á kò purọ́. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò sún mọ́ ti èyí tí kò ní gíláàsì, iná tí mo fi ń tún òrùka ṣe sì lè bà á jẹ́. Omi òroǹbó wẹ́wẹ́ pàápàá lè bà á jẹ́. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀. Ti sàfáyà tí wọ́n yan lórí iná kò burú tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ sàfáyà ni wọ́n ti yan.

Émírádì ńlá, tó mọ́ gaara, tí owó rẹ̀ tún rọ̀: ẹ sá.

Ẹ sì yé fi owó òkúta tútù, èyí tí wọn kò tíì gé, tí ẹ gbọ́ l'Òjòó n'Ìbàdàn ná òrùka mọ́ mi lọ́wọ́. Tourmaline, òkúta iyebíye tí wọ́n ń wà jáde nílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lè pàdánù ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ kí ẹni tó ń gé e tó gbé e sílẹ̀.