Bẹ́ ẹ ṣe lè fi jíìnì ran igi lọ́wọ́ kó lè fara da òtútù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní lábù tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe èyí, ọ̀rọ̀ jíìnì nìkan kọ́ o, súwíìṣì tó ń tan jíìnì yẹn (promoter, ìyẹn apá DNA tó ń sọ ìgbà tí jíìnì máa ṣiṣẹ́) ló máa sọ bóyá igi á wúlò.

Ẹ wo igi eucalyptus tí wọ́n ń gbìn ní Brazil, ó ń yára dàgbà gan-an ṣùgbọ́n kò gba òtútù rárá. ArborGen, iléeṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, wá fi jíìnì CBF2 látara Arabidopsis, ewéko kékeré kan báyìí, sí i lára, ní 2011 wọ́n kọ̀wé sí ìjọba ibẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ káwọn máa gbìn ín fàlàlà. CBF2 máa ń jí àwọn jíìnì míì dìde kí ṣúgà lè pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì kó sì di omi ibẹ̀ mú, torí tí omi tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì bá ti di yìnyín, ṣe ló máa ń fa omi inú wọn jáde títí wọ́n á fi gbẹ.

Tẹ́ ẹ bá lo súwíìṣì 35S, tọ̀sán tòru ni CBF2 á máa ṣiṣẹ́, igi á fara dà á lóòótọ́ àmọ́ á di ràrá, ta ló fẹ́ fi igi ràrá ṣe bébà? Súwíìṣì rd29A ni kẹ́ ẹ lò, òun kì í tàn àfi tí òtútù tàbí ọ̀dá bá dé.

Ẹ gé ewé wẹ́wẹ́, ẹ rì í sínú omi tí bakitéríà tó ń jẹ́ Agrobacterium wà, òun ló máa gbé jíìnì wọlé pẹ̀lú jíìnì míì tó ń gba igi lọ́wọ́ kanamycin, oògùn kan tó ń pa bakitéríà àti sẹ́ẹ̀lì ewéko, ẹ wá tò ó sórí oúnjẹ tí kanamycin wà nínú ẹ̀, èyí tí jíìnì ò wọ̀ ò ní hù. Ẹ ní sùúrù títí á fi yọ ọ̀mùnú tá sì ta gbòǹgbò, kẹ́ ẹ fi PCR, ìdánwò tó ń wá DNA, yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jíìnì wà nínú ẹ̀ lóòótọ́.

Ìdánwò òtútù gan-an ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ ṣe. Ẹ fi igi sí 4°C fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí súwíìṣì tàn, ẹ gé ewé ẹ̀ róbótó-róbótó sínú túùbù pẹ̀lú omi tó mọ́ díẹ̀, ẹ ju ègé yìnyín bíńtín sí i kó lè bẹ̀rẹ̀ sí í dì, kẹ́ ẹ wá máa tutù ú díẹ̀díẹ̀, -2, -4, -6, -8, kẹ́ ẹ máa yọ túùbù bíi mélòó kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá yọ́ tán, ẹ bu omi sí i, ẹ mì í, ẹ fi mítà conductivity, tó ń sọ bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá tó, wọ̀n ọ́n, torí sẹ́ẹ̀lì tó ti ya máa ń jo iyọ̀ ara ẹ̀ sínú omi. Ẹ sè é kí gbogbo ẹ̀ kú, ẹ tún wọ̀n ọ́n, ẹ fi ti ìkejì pín ti àkọ́kọ́, tó bá ti lé ní ìdajì òtútù yẹn ti kọjá agbára ẹ̀. Igi tẹ́ ò fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ní gbogbo ìgbà o, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò tíì mọ nǹkan kan.

Ẹ gbàṣẹ ìjọba kẹ́ ẹ tó gbé e lọ oko, kẹ́ ẹ sì ro ti òdòdó ẹ̀ mọ́ ọn: ArborGen fi jíìnì barnase, tó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó bá ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀, kún tiwọn kó má bàa mú lẹ́búlẹ́bú tó máa fẹ́ lọ bá igi ẹlòmíì jáde.